Ó Gbẹ, Kò Lọ

Ìyàwó mi ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ títí ẹnu bó wọn, àwọn ọkùnrin ò gbọ́. Bóyá tí ó bá ti ẹnu ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ wọn jáde, wọ́n á dúró gbọ́ ọ. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá máa kọ ọ́, kí n má fi àtíkè kun ara mi lójú níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tètè gbé ibi tó burú jù kalẹ̀: èmi ni mo kó àtọ̀sí wọlé, ojú ọmọ mi ọlọ́jọ́ mẹ́ta sì ni àṣírí mi ti tú.

Ẹ̀yà mọ́tò tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Gate, n'Íbàdàn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé, mo máa ń lọ kó ọjà ní Ládípọ̀, l'Ékòó, bí ilẹ̀ bá sì ṣú mọ́ mi lọ́wọ́, Mushin ni mo máa ń sùn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí a jọ mọra. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, torí kì í ṣe òun ló ń kọ ìtàn yìí. Rọ́bà wà nínú àpò mi lóru ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo rà á. Mi ò lò ó. Mo wò ó pé ara rẹ̀ mọ́, ilé rẹ̀ mọ́, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí mò ń ta ẹ́ńjìnnì, tí mo mọ̀ pé èyí tí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ tó ń dán yinrin yinrin ló yẹ kéèyàn yẹ̀ wò dáadáa jù! Kò sì sí ẹni tó yẹ èmi náà wò.

Oyún oṣù méje ló wà nínú ìyàwó mi nígbà náà.

Ọjọ́ kẹrin tí mo padà dé Ìbàdàn, mo lọ tọ̀ láàárọ̀, ó ta mí bí ẹni pé ata rodo ni mò ń tọ̀ jáde. Kó tó di ọ̀sán, ọyún ti ń jáde lójú ara mi, ó ki, ó ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ti ba pátá mi jẹ́. Mo mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, àwọn ọ̀gá wa máa ń fi ṣàwàdà pé ọkùnrin tí kò bá tíì tọ ọyún rí kò tíì dàgbà. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín yẹn lọ́jọ́ náà, òun ló sì jẹ́ kí n rò pé nǹkan kékeré ni.

Mo ra àgbo lọ́wọ́ ìyá alágbo tó máa ń gbé igbá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, egbò tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Mo mu ún láàárọ̀, mo mu ún lálẹ́. Mo tún lọ bá ọmọkùnrin tó ń jókòó ní kẹ́mísìtì àdúgbò. Kò bi mí ní ohun kan. Bí mo ṣe dojú ohùn délẹ̀ báyìí ló ti mọ̀, ó ka tetracycline fún mi, kápúsù pupa-òun-ìyeyè yẹn, ó fi ampicillin díẹ̀ lé e, ó wé e sínú bébà. Mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọyún náà dín kù, mo sì da ìyókù sínú àpótí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbẹ pátápátá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo padà sórí ẹní ìyàwó mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí, torí ibí ni mo ti ṣìnà. Mo rò pé ọyún ni àrùn náà. Tí ọyún bá ti tán, àrùn tán nìyẹn. Dókítà tó padà tọ́jú wa ló là mí lóye pé ara èèyàn tó ń bá kòkòrò jà ló ń pọn ọyún jáde. Ọyún lè gbẹ fúnra rẹ̀, kéèyàn má tilẹ̀ mu nǹkan kan, kí kòkòrò náà sì wà lórí ìjókòó rẹ̀, kí ó máa ràn bó ṣe ń ràn tẹ́lẹ̀. Oògùn tí kò kájú rẹ̀ náà lè mú kó gbẹ. Ó wá jẹ́ pé ìgbà tí mò ń tọ ọyún tí mo sì ń sá fún ìyàwó mi gan-an ni ó bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìgbà tí mo ní ara mi ti yá ni mo ran án.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí oyún náà pé oṣù mẹ́jọ, ó sọ fún mi lóru ọjọ́ kan pé omi kan ń dà lára òun, kì í ṣe bó ṣe máa ń rí. Ó bi àwọn obìnrin inú ọgbà wa. Gbogbo wọn ló fẹnu kò: “toilet infection” ni. Ṣáláńgá kan ṣoṣo ni yàrá mẹ́fà ń lò nílé tí à ń gbé nígbà náà. Ló bá ra Izal. Láàárọ̀ kùtù, kó tó di pé ẹnikẹ́ni jí, á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, á rọra tẹ̀ ba pẹ̀lú ikùn yẹn, á máa fọ ṣáláńgá tí àwọn mìíràn dọ̀tí. Lálẹ́, á tún fọ̀ ọ́. Ó ń bá àwọn ará ilé jà pé wọ́n fẹ́ pa òun àti ọmọ òun.

Mò ń wò ó.

Mi ò ní parọ́ pé mi ò fura. Mo fura. Ṣùgbọ́n ìtàn ṣáláńgá yẹn rọ̀ mí lọ́rùn, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Mo tún ní ohun mìíràn tí mo fi ń tu ara mi nínú: wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn aboyún, wọ́n ní kò ní kòkòrò HIV, kò sì ní rẹ́kórẹ́kó, èyí tí wọ́n ń pè ní syphilis. Mo ní ṣebí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló sọ fún mi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í rí àtọ̀sí? Ìtọ̀ ni wọ́n fi ń wá a, tàbí kí wọ́n fi òwú nu ojú ara fún ọkùnrin, kí wọ́n sì nu ẹnu ilé ọmọ tàbí inú abẹ́ fún obìnrin. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀mẹwàá kí àtọ̀sí máa wò wọ́n. Ní ti ṣáláńgá, kòkòrò àtọ̀sí kò lè gbé níta ara èèyàn. Bí ibi tó wà bá ti gbẹ, ó kú nìyẹn. Ara dé ara ló fi ń rìn: ojú ara, ìdí, ọ̀nà ọ̀fun pàápàá, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìrọbí.

Kí oṣù yẹn tó parí, kóró ẹpọ̀n mi apá ọ̀tún wú, ó le, ó gbóná. Mi ò lè rìn dáadáa. Mo sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ẹ̀yìn ń ro mí. Mo wá lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, kò lè ju àbúrò mi obìnrin lọ. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ sà, kí ló ń ṣe yín?” Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, “Inú ló ń run mí.”

Ó bi mí bóyá mò ń tọ̀ dáadáa, mo ní dáadáa ni. Ó bi mí bóyá ibì kankan mìíràn ń dùn mí, mo ní rárá. Ó tẹ ikùn mi síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó kọ oògùn inú rírun fún mi. Mo bínú sí i nígbà tí mo délé, mo ní kò mọṣẹ́. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́! Mo gbé ẹ́ńjìnnì fún mẹkáníìkì, mo ní táyà ló bàjẹ́, mo sì ń bínú pé kò tún ẹ́ńjìnnì ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rẹ́ mi kan júwe láàbù kékeré kan fún mi lẹ́bàá títì. Wọ́n ní kí n gbé àtọ̀ mi wá nínú ike. Èsì jáde: “staph”. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Nàìjíríà, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní òun ló ń pa àtọ̀ ọkùnrin, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kòkòrò tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ń gbé jẹ́ẹ́ nínú imú nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú ẹni mẹ́wàá tí ara wọn dá ṣáṣá, ó sì wà lára awọ wa. Tí èèyàn bá gbọ̀n ọ́n láti ọwọ́ rẹ̀ sínú ike, ó máa hù ní láàbù. Kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá, owó mi ni wọ́n sì fi ń pa á. Àmọ́ wíwú náà fúyẹ́, mo tún gbà pé ó ti tán. Ìgbà kejì nìyẹn tí mo ní ó ti tán.

Ilé àgbẹ̀bí kan ni ìyàwó mi bímọ sí. Ọkùnrin ni ọmọ náà. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n wọn ò fi oògùn sí i lójú, oògùn yẹn tí wọ́n ń fi sí ojú ọmọ tuntun nítorí irú ọjọ́ báyìí. Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Ìyá ìyàwó mi ní àpólò ni, ó ní kí wọ́n fún omi ọmú sí i. Wọ́n fún un. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ìpéǹpéjú méjèèjì ti wú, wọ́n ti lẹ̀ pọ̀. Ìyá rọra fi ìka ya ọ̀kan, ọyún sì ya jáde, ó ṣàn dé etí ọmọ.

Ìyeyè ni. Ó ki. Mo ti rí i rí.

Mi ò mọ bí mo ṣe jókòó. Èdè wa ló ń fi àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà pààlà sáàárín oyún àti ọyún. Oyún ni ìyàwó mi gbé, èmi ni mo fi ọyún kún un.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ibi tí wọ́n ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ló gbà wá. Ó wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan, kò pariwo, kò bá wa wí. Ó kàn ní, “Mọ́mì, ẹ dìde ká máa lọ. Èyí kì í ṣe àpólò.” Ó kọ lẹ́tà, ó bá wa wá mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé kòkòrò yìí lè jẹ ẹyinjú ọmọ lu láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ká ní a ṣì ń fún omi ọmú sí i di ọjọ́ ìkómọ ni!

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí a lọ, wọ́n fi òwú gba ọyún ojú ọmọ lọ sí láàbù, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní itan, nọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi oníyọ̀ tó mọ́ fọ ojú rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń tún un fọ̀. Dókítà bi wá bóyá ọ̀kan nínú wa ti rí ọyún tàbí omi kan lára. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ṣáláńgá. Mo dákẹ́. Dókítà wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí ìyàwó mi lọ fún ọmọ lọ́mú, ó pè mí wọ yàrá kan, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Sà, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí. Ohun tí ẹ bá sọ, ìtọ́jú ni mo fẹ́ fi ṣe.” Ó ní wọ́n ti wo ọyún ojú ọmọ lábẹ́ awò, wọ́n sì rí àwọn kòkòrò kan tó so méjì méjì bí awẹ́ obì tó kọjú síra, inú sẹ́ẹ̀lì ọyún ni wọ́n fara pamọ́ sí. Ó ní àtọ̀sí ló ń rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ò sì lè mú un wá láti ọ̀run.

Ẹnu mi là, “Inú…” ni mo fẹ́ sọ. Mo gbé e mì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: Mushin, àgbo, kápúsù, abẹ́rẹ́ mẹ́wàá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá yẹn, torí ẹ̀rù ibẹ̀ ló lé mi lọ sọ́dọ̀ alágbo. Ìbéèrè ló pọ̀ jù. Ìgbà wo ni mo bá obìnrin lò pọ̀ kẹ́yìn? Àwọn mélòó láàárín oṣù méjì sẹ́yìn? Ṣé mo lo rọ́bà? Ṣé ẹnu kan ọ̀rọ̀ náà? Ó bi mí láìyí ohùn padà, bí ẹni ń béèrè iye táyà tí mo fẹ́ rà, nígbà tó sì ṣàlàyé pé ibi tí ara bá ti kan ara ni òun máa mọ̀ tí òun á ti wá kòkòrò, mo rí i pé ìbéèrè náà kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé mo ti ní irú rẹ̀ rí? Oògùn wo ni mo ti lò, ọjọ́ mélòó? Oògùn wo ni ara mi ò gbà? Ó tẹ ibi tí itan mi méjèèjì ti pàdé ikùn wò bóyá kókó wà níbẹ̀, ó yẹ awọ ojú ara mi wò, ó rọra fọwọ́ kan kóró ẹpọ̀n tó wú yẹn. Ó ní kí n la ẹnu, ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi wò. Àtẹ́lẹwọ́ kẹ̀? Ó ní rẹ́kórẹ́kó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú egbò kan tí kì í dunni rárá, tó máa ń jinná fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó lè sú jáde sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Òun náà ń gbẹ, kì í lọ.

Wọ́n fi òwú tín-ín-rín gbà nǹkan lójú ara mi. Ó ta mí, kò tó bí mo ṣe ń rò ó. Wọ́n ní bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀, ìtọ̀ á ti fọ kòkòrò lọ, kí n dúró fún wákàtí kan ó kéré tán. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún HIV, rẹ́kórẹ́kó àti àrùn ẹ̀dọ̀. Èsì HIV kò pẹ́, kò sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí ó máa ń gba ìgbà díẹ̀ kó tó fara hàn. Oṣù mẹ́ta yẹn gùn ju ọdún lọ. Mi ò lè jẹ ẹran.

Nígbà tí mo padà lọ gbọ́ èsì láàbù, kí oṣù mẹ́ta yẹn tó pé, dókítà fi àwo láàbù tí wọ́n gbin kòkòrò náà sí hàn mí. Wọ́n tò àwọn bébà róbótó kéékèèké sórí rẹ̀, oògùn wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí oògùn bá ti lágbára, àyíká bébà náà á mọ́ roro. Ní ti tetracycline, kòkòrò hù dé ẹsẹ̀ bébà, wọ́n fara rọ̀ ọ́ bí ẹni fara rọ ògiri. Ti penicillin náà bẹ́ẹ̀. Ó ní láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń rí àtọ̀sí tó ń pa agbára penicillin run, ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ìgbà náà sì tan mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí. Ceftriaxone ló ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ní ìdí! Èmi tí mo ti gba mẹ́wàá lásán. Wọ́n fi doxycycline lé e fún ọjọ́ méje nítorí chlamydia, àrùn kejì tó sábà máa ń bá àtọ̀sí rìn láìpariwo. Ìyàwó mi gba abẹ́rẹ́ náà, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń fún ọmọ lọ́mú, azithromycin ni wọ́n fún un ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbé e mì. Wọ́n ní kí a má ṣe súnmọ́ra fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọn ò nílò láti sọ ọ́.

Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un, ní ìdí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, nọ́ọ̀sì kan dúró sí tòsí. Mo ti ro gbólóhùn mẹ́wàá, mi ò rí ọ̀kan lò. Mo ní, “Mọ́mì, kì í ṣe ṣáláńgá.” Ó wò mí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, kò sì sunkún. Ó ní, “Dádì, ẹ̀ ń wò mí tí mò ń fọ̀ ọ́.”

Mo ti gbọ́ èébú l'ọ́jà Gate. Kò sí èyí tó dà bí gbólóhùn yẹn.

Ojú ọmọ yá. A sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn èèyàn fi oyin àti iyọ̀ wúre, wọ́n ní yóò fojú rí ohun rere, mo ń ṣe àmín, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ìyàwó mi padà sílé ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ìdí tó fi padà wá, tirẹ̀ ni láti sọ.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí dókítà ní kí n ṣe, mo sì fi ọ̀sẹ̀ kan sá fún un: kí n pe obìnrin Mushin. Mo pè é. Ó gbé mi ṣépè, ó ní èmi ni mo kó o ran òun, kò sí ohun tó ń ṣe òun. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ní in ni kì í rí àmì kankan, títí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sílé ọmọ á fi dí, tàbí kí oyún dúró síbi tí kò yẹ. Ta ló kó o ran ta, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní, kò sì sí àwo láàbù tó lè sọ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó fi àtẹ̀ránṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi: “Mo ti lọ.” Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìtìjú mú kí n rò pé èmi nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020 nìkan, àtọ̀sí tuntun tó wọ ara àwọn àgbàlagbà lágbàáyé tó mílíọ̀nù 82. Mílíọ̀nù 82, gbogbo wọn sì ń fojú pamọ́ fún ara wọn!

Lóṣù tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan ń rìn bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. Mo rí i tó dá ìyá alágbo dúró. Mo pè é wọ inú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ìtàn ojú ọmọ mi fún un, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sínú mọ́tò. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ló ti fa aṣọ mi.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé inú ló ń run mí.”